Àmì Ara Ọmọdé: Ìtàn Orúkọ Kan Tó Bo Nǹkan Méjì Mọ́lẹ̀

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí orúkọ àmútọ̀runwá, olùkọ́ wa bi wá pé: kí ni àwọn baba wa ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀? A dáhùn pé ara ọmọ ni, àti ọ̀nà tó gbà wá sáyé. Ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó ni Dàda. Èyí tó ní ìka mẹ́fà ni Olúgbódi. Wọ́n ti wo ọmọ dáadáa kí wọ́n tó pe orúkọ.

Lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ sọ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan. Ara ọmọ náà mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan yọ sí i níwájú orí bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Nígbà tí ọmọ fi pé oṣù mẹ́ta, ó ti tó awẹ́ obì kan. Ìyá ọkọ ní ìyàwó ló rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún. Aládùúgbò kan ní àmì àbíkú ni. Ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní hemangioma ni, kí wọ́n lọ gé e kíákíá. Ní òmíràn, wọ́n ní hemangioma ni, kí wọ́n fi sílẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Orúkọ kan náà, ìmọ̀ràn méjì tó tako ara wọn. Ìyá ọmọ sunkún títí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn orúkọ náà. Ohun tí a rí ni pé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn oníṣègùn fi orúkọ kan ṣoṣo bo nǹkan méjì tí kò jọra mọ́lẹ̀. Ọ̀kan máa ń yọ, á wú, á sì rọ fúnra rẹ̀. Èkejì kì í rọ láéláé. Àwọn ọmọdé ló jìyà àṣìṣe náà. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu jù ni pé wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan là ń sọ̀rọ̀ oòrùn ọ̀sán. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, èrò àwọn ènìyàn ni pé ohun tí aláboyún rí, tàbí ohun tó ń wù ú jẹ, ló máa ń fi àmì sí ara ọmọ. Orúkọ Látìn tí wọ́n fún irú àmì bẹ́ẹ̀, naevus maternus, túmọ̀ sí àmì ti ìyá. Títí di òní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi èso strawberry pe àmì pupa tó wú, wọ́n sì ń fi wáìnì pupa pe èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ibẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá ni ẹ̀bi ń wọ́ tọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́rùn ìyá, kó sì gbé e sínú ẹran ara fúnra rẹ̀, ni Rudolf Virchow, ọmọ Jámánì. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Berlin ní ọdún 1862 sí 1863, ó wo àwọn àmì náà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì pín wọn sí mẹ́ta: angioma simplex, tí iṣan rẹ̀ jẹ́ kéékèèké, angioma cavernosum, tí iṣan rẹ̀ fẹ̀ bí ihò, àti angioma racemosum, tí iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn. Ní ọdún 1877, Wegner, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, pín àmì tó jẹ́ ti iṣan omi-ara ní irú ọ̀nà kan náà.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Virchow fi pín wọn: bí iṣan ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe rí. Ìrísí nìkan ni. Kò sí ohunkóhun nínú orúkọ náà tó sọ bóyá àmì yìí yóò dàgbà, bóyá yóò rọ, tàbí bóyá yóò bá ọmọ dàgbà títí dọjọ́ alẹ́. "Oma" tó parí orúkọ náà sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé kókó ni gbogbo wọn.

Fọ́tò inú ara dé

Ní ọdún 1879, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ William Allen Sturge mú ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ààbọ̀ wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní London. Àmì pupa bo apá kan ojú rẹ̀, gìrì sì máa ń mú un ní òdìkejì ara. Sturge sọ pé ó ní láti jẹ́ pé irú àmì kan náà wà lórí ọpọlọ ọmọ náà, lábẹ́ egungun. Kò rí i. Èrò orí ló fi sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tó lè fi wo inú agbárí ẹni tó wà láàyè.

Ọdún 16 lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X ní Würzburg. Kò ju oṣù méjì lọ tí ìròyìn náà fi kárí ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Haschek àti Lindenthal ní Vienna ti mú ọwọ́ òkú kan, wọ́n fa èròjà kan tí ìtànṣán kò lè gbà kọjá sínú iṣan rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ yọ ketekete bí ẹ̀ka igi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òkú ni. Èròjà náà yóò pa alààyè.

Ní ti Sturge, X-ray ló jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níkẹyìn. Ní ọdún 1922, Frederick Parkes Weber fi àwòrán X-ray hàn bí ọpọlọ ṣe bàjẹ́ nínú ẹni tó ní irú àìsàn náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi ń pe àìsàn náà dòní.

Àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó wà láàyè dúró di ọdún 1927, nígbà tí Egas Moniz ṣe é ní Lisbon. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èròjà àfihàn kan tó ń jẹ́ Thorotrast, nítorí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, kò sì fa ìrora. Ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ ń tú ìtànṣán jáde, ó sì máa ń dúró sínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn títí ayé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yọ lára ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fún. Ní ọdún 1953, Sven-Ivar Seldinger ní Stockholm wá ọ̀nà tó rọrùn: ó gún abẹ́rẹ́ sí iṣan, ó ti wáyà gba inú abẹ́rẹ́ náà, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò, ó sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí wáyà wọlé. Wọn ò tún nílò láti la ara kí wọ́n tó dé inú iṣan.

Nítorí náà, nígbà tí ó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwòrán ti wà. Orúkọ wá ńkọ́? Ti Virchow náà ni. Dókítà á ya àwòrán, á wò ó, á sì kọ "hemangioma" sábẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó ń rọ, ìbáà jẹ́ èyí tí kì í rọ.

Owó tí àwọn ọmọ san

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dun wá jù.

Bí gbogbo àmì bá jẹ́ kókó, a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbógun tì. Wọ́n gé òmíràn, wọ́n fi iná jó òmíràn, wọ́n fi yìnyín gbígbẹ sun òmíràn. Nígbà tí radium dóde, wọ́n gbé òun náà lé ara ọmọ. Ní Stockholm nìkan, láàrin ọdún 1920 sí 1959, àwọn ìkókó tó lé ní 14,000 ni wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú nítorí àmì ara. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní Gothenburg, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1965.

Àwọn ará Sweden máa ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ dáadáa. Èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè tọpa àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n dàgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìtànṣán tí ènìyàn gbà ní kékeré bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu jẹjẹrẹ ọmú, ti ọ̀fun àti kókó inú ọpọlọ ṣe ń pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004 wo àwọn ọkùnrin 3,094 nínú wọn. Àwọn tí ìtànṣán púpọ̀ dé ọpọlọ wọn ní kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama bí àwọn yòókù.

Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì náà ni ì bá ti rọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹnìkan sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, W. A. Lister, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The Lancet. Ohun tó ṣe kò ju pé ó mú sùúrù lọ. Ó tẹ̀ lé ọmọ 77 tí wọ́n ní àmì 93 láàrin ara wọn, ó ń wọn àmì náà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò gé e, kò jó o. Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Lister kò lo X-ray, kò lo ẹ̀rọ kankan. Ojú àti àkókò ló lò. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé radium lé ọmọ ní Stockholm fún ogún ọdún lẹ́yìn àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ìdí kan ni pé àwọn dókítà ti rí àmì mìíràn, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí kò rọ rárá. Ta ni yóò gba Lister gbọ́?

Boston, ọdún 1982

Ẹni méjì ló tú okùn náà: John Mulliken, oníṣẹ́ abẹ, àti Julie Glowacki, onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì, ní Boston. Wọ́n kó ẹran ara tí wọ́n ti gé lára aláìsàn 49 jọ, wọ́n sì fi èròjà kan yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó ń fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì tàbí ó dákẹ́. Ìbéèrè wọn kì í ṣe "báwo ni iṣan yìí ṣe rí?" mọ́. Ìbéèrè wọn ni "kí ni iṣan yìí ń ṣe?"

Ìdáhùn náà là á sí méjì. Nínú irú kìíní, sẹ́ẹ̀lì ń bí sí i lójú méjèèjì nígbà tí àmì ń wú, ó sì ń dákẹ́ nígbà tó bá ń rọ. Kókó nìyí lóòótọ́. Òun nìkan ni wọ́n fi orúkọ hemangioma sílẹ̀ fún. Nínú irú kejì, sẹ́ẹ̀lì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bíi ti iṣan ara gbogbo ènìyàn. Kò sí kókó kankan níbẹ̀. Iṣan ni wọn ò tò bó ṣe yẹ nígbà tí ọmọ wà nínú oyún.

Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, a gbìyànjú láti wá orúkọ fún méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú iṣẹ́ èdè ìperí. A pe ti àkọ́kọ́ ní kókó iṣan. A pe ìkejì ní àṣìtò iṣan. Bí ẹ bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin àgbà tó ti jáde, ẹ bá wa fi kún un.

Kókó iṣan kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Ó máa ń yọ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sáré dàgbà fún oṣù díẹ̀, á dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àṣìtò iṣan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, bí ojú kò bá tilẹ̀ tíì rí i. Ó ń bá ọmọ dàgbà bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dàgbà, kì í sì í rọ.

Àwòrán wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀

Ní ọdún 1983, Patricia Burrows, onímọ̀ nípa àwòrán ara, pẹ̀lú Mulliken àti àwọn ẹlòmíràn padà lọ wo àwòrán iṣan tí wọ́n ti ń yà fún àwọn ọmọdé. Ní báyìí tí orúkọ ti di méjì, wọ́n rí ohun méjì. Nínú kókó, èròjà àfihàn máa ń kún ibì kan tó ní ààlà, á sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹran wà níbẹ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Nínú àṣìtò, iṣan lásán ló wà. Kò sí ẹran kókó láàrin wọn. Kò sí ohun tuntun nínú ẹ̀rọ náà. Ojú tó ń wò ó ló yí padà.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹ̀rọ tí kò nílò ìtànṣán X gba iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni síkáànì tó ń lo ìgbì ohùn, irú èyí tí àwọn aláboyún ń ṣe. Apá kan nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ Doppler, máa ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó. Orúkọ Christian Doppler ni wọ́n fi pè é, ẹni tó ṣàlàyé òfin rẹ̀ ní ọdún 1842 nígbà tó ń ronú nípa àwọ̀ ìràwọ̀. Èkejì ni MRI, tó ń lo agbára òòfà. Nínú irú àwòrán MRI kan, ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń lọ máa ń funfun gbòò, èyí tó ń sáré máa ń dúdú bí ihò.

Eré ẹ̀jẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àwọn àṣìtò kan wà tí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ti já wọ inú èyí tó ń dá a padà, láìgba inú àwọn iṣan kéékèèké tó yẹ kó wà láàrin. Ẹ̀jẹ̀ á máa ya bí odò tó já bèbè, ó sì lè dá ọkàn lágara. Òmíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dúró bí omi ọ̀gọ̀dọ̀, á máa dì, á sì di òkúta wẹ́wẹ́ tí X-ray lásán lè rí. Bí dókítà bá gé irú kìíní láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ.

Síbẹ̀, àwòrán nìkan ṣì lè tan ni jẹ. Ẹ̀jẹ̀ máa ń sáré nínú kókó tó ń dàgbà bó ṣe ń sáré nínú àṣìtò ti ọkàn. Ohun tó máa ń là á ni bóyá ẹran kókó wà níbẹ̀, àti ìbéèrè kan tí ìyá nìkan lè dáhùn: ìgbà wo ni àmì yìí yọ? Ìyá tí wọ́n ti ń dá lẹ́bi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù.

Ní ọdún 1996, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lágbàáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, ISSVA, fọwọ́ sí ìpínsísọ̀rí náà ní ìlú Róòmù: kókó lọ́tọ̀, àṣìtò lọ́tọ̀. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2014 àti 2018, nítorí wọ́n ti ń rí àyípadà nínú àbùdá sẹ́ẹ̀lì tó ń fà wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2000, Paula North àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí èròjà kan, GLUT1, tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì kókó ìkókó, tí kì í sì í sí nínú àṣìtò.

Kí ni orúkọ lè ṣe?

Ẹnìkan lè ní, "Ẹ̀yin ọmọ èdè yìí, orúkọ lásán lẹ ń jà lé lórí." Ẹ gbọ́ èyí. Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, Christine Léauté-Labrèze ń tọ́jú ọmọ kan tó ní hemangioma ní imú. Oògùn tí ọmọ náà ń lò fa wàhálà sí ọkàn rẹ̀, wọ́n bá fún un ní propranolol, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà láti bí ogójì ọdún. Lọ́jọ́ kejì, àwọ̀ kókó náà ti yí padà, ó sì ti rọ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ọdún 2008. Lónìí, òun ni oògùn àkọ́kọ́ fún kókó iṣan tó fẹ́ dí ojú ọmọ tàbí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ọwọ́ dókítà nìkan ló yẹ kó ti wá, nítorí ó lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù.

Ṣùgbọ́n kò rán àṣìtò iṣan. Ẹni tó bá pe àṣìtò ní hemangioma yóò fún ọmọ ní oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́, tàbí kó ní kí ìyá máa dúró de ohun tí kò ní rọ láéláé. Ìwádìí kan tó wo àwọn àpilẹ̀kọ ìṣègùn tó jáde ní ọdún 2009 rí i pé nínú èyí tó ju 70 lọ nínú 100, wọ́n ṣì lo orúkọ hemangioma lọ́nà òdì. Ọdún 27 lẹ́yìn Boston nìyẹn.

Ó tún kù síbì kan. "Pupa" tí àwọn ìwé ń sọ, ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti rí i. Lára ọmọ dúdú, ó lè rí bí aró, tàbí kó má hàn rárá títí yóò fi wú. Ojú tó bá ń wá pupa nìkan yóò fo ọmọ wa dá.

Ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní ilé ìwòsàn kẹta, dókítà kan bi ìyá rẹ̀ ní ìgbà tí àmì náà yọ, ó ṣe síkáànì Doppler, ó sì ní kókó ni, kì í ṣe àṣìtò, kò sì wu ojú léwu. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì. Àmì náà ti rọ̀, ó ti ń di eérú láàrin. Màmá àgbà kò sọ̀rọ̀ oòrùn ọ̀sán mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bẹ ìyàwó. A rò pé ó yẹ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Virchow sọ orúkọ kó tó wo ilé tán. Ó gba ọgọ́fà ọdún ó dín ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó padà lọ wò ó.